Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àti Àrùn Ẹ̀gbà

Agbo-ilé tí kò mọ bí àrùn ẹ̀gbà ti í dé ṣọ̀wọ́n ní Ìlàrè, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Baálé ilé jí ní òwúrọ̀, ó fẹ́ dáhùn ìkíni àwọn ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan àti ẹsẹ̀ kan kò sì ṣe é gbé mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti dárúkọ ìyálé, wọ́n sì ti dárúkọ aládùúgbò tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ oko. A ti rí ẹbí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tú ká. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ti ìbò ni ojú ìwé yìí máa ń gbé ju ti àìsàn lọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí ọ̀ràn yìí, a sì rò pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ.

Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì ni ìlú Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọdún 1935 ni a sì bí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olóyè Oduola Ọ̀ṣuntókun, ṣe mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, nítorí náà ọ̀nà òṣèlú kò jìnnà sí i bí ó bá fẹ́ ẹ. Ìṣègùn ni ó yàn. Ó kàwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, ó kọ́ iṣẹ́ oníṣègùn ní Ìbàdàn, ó fi ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì kún un, ó sì padà wá sí UCH. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún tí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àìsàn àwọn tálákà ni ó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun. Ní agbègbè Èpẹ́ àti ní Ọ̀sọ̀sà, ìlú Hubert Ogunde, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ń kú, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, ojú wọn ń ṣú, etí wọn ń di. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá wọn nílé, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì tọ́ka sí májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, tí a ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran tàbí ẹja tí ó tó. Àwọn olùwádìí tí ó padà lọ sí Ọ̀sọ̀sà lẹ́yìn náà bá àìsàn náà níbẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ń ṣiyèméjì bóyá ẹ̀gẹ́ ni ó fà á. Ní tiwa, èyí kò dín iyì rẹ̀ kù: ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn fi lè padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbà ni ó mú wa kọ̀wé. Nígbà kan rí, àwọn oníṣègùn òyìnbó kan gbà pé àrùn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ṣọ̀wọ́n láàrin àwa ènìyàn dúdú. Ta ni ó kà á? Láti 1973 títí di 1975, Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Akinkugbe onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, ṣí ìwé kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń kọ àwọn tí ẹ̀gbà mú ní ìlú náà sí, gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní 1979 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde: ẹni 26 nínú 100,000 lọ́dún. Ó kéré sí ti ọ̀pọ̀ ìlú òyìnbó, nítorí pé ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù láàrin wa. Àwa pẹ̀lú sì rò pé ọ̀pọ̀ arúgbó ni ó kú sílé tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó gba iwájú nínú ohun tí wọ́n bá lára àwọn aláìsàn náà, ohun tí nọ́ọ̀sì lè fi rọ́bà tí a wé mọ́ apá wọ̀n ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹ̀gbà oríṣi méjì ni ó wà: nínú èkíní, ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan ọpọlọ, nínú èkejì, iṣan bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ọpọlọ. Lójú, àwọn méjèèjì jọra púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì fún ẹni èkíní lè pa ẹni èkejì. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọpọlọ ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kíákíá. Ní London, ní oṣù October 1971, ni a kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wo aláìsàn. Kò sí ọ̀kankan ní Nàìjíríà ní gbogbo ìgbà tí ìwé Ìbàdàn fi wà ní ṣíṣí. Òòlù kékeré tí a fi ń gbá orúnkún, iná tí a ń tàn sójú, omi tí a fi abẹ́rẹ́ fà láti inú eegun ẹ̀yìn, àti àyẹ̀wò òkú bí ẹbí bá gbà, ni irinṣẹ́ wọn.

Ó ṣe olórí ẹ̀ka ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ṣe olórí UCH láti 1985 títí di 1990. Kò tìtorí oyè dẹ́kun kíkà: òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé ní Ìgbò-Ọrà, wọ́n wo àwọn ènìyàn tí iye wọn sún mọ́ 19,000. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà, lórí ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, tí wọ́n fi èdè Yorùbá bi àwọn àgbà wa ní ìbéèrè. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995, ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní 2001 ni èsì tí ó ń dúró dè jáde, pé àìsàn ìgbàgbé náà kò mú àwọn arúgbó Ìbàdàn tó bí ó ti ń mú àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú ti Indianapolis.