Hubert Ògúndé, Akọrin tí Kò Bo Òtítọ́ Mọ́lẹ̀

Bí a bá ti inú ìlú Ìkòròdú mú ọ̀nà Ṣágámù pọ̀n, kò ní pẹ́ tí a ó fi dé Odógúnyàn, níbi tí ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti Ìkòròdú wà. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ṣíwọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí oríṣiríṣi ènìyàn: Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, Ìgbò ń bẹ níbẹ̀, Haúsá àti Ègùn kò sì gbẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń wá ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀ lọ sílé ni orin yóò máa dún láti inú ọkọ̀ àti láti ìsọ̀ àwọn tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Iṣẹ́ ti mú kí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kí orin tu àwọn lára.

Kò sí àní-àní pé orin a máa tu ni lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ìtura nìkan ni iṣẹ́ orin kò tí ì mọ orin Yorùbá. Láti ayébáyé ni àwọn baba wa ti ń fi orin tún ìlú ṣe. Ní ilẹ̀ Kétu, bí wọ́n bá ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òru Ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú máa ń tú síta: akọrin a bá olè wí, a bá oníwà ìbàjẹ́ wí, a sì bá ìjòyè tí ó gbàgbé ara rẹ̀ wí, kò sì sí ẹni tí yóò mú un. Ohun tí ẹnu kò lè sọ ní ọ̀sán, orin a máa bá ni sọ ọ́ ní òru. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ni ó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ojúde ìlú, tí ó gbé e wọ inú gbọ̀ngàn eré àti inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ní tirẹ̀, wọ́n mú un, wọn kò sì mú un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí a bá tẹ̀ síwájú láti Odógúnyàn, tí a kọjá Ṣágámù, tí a dorí kọ Ìjẹ̀bú-Òde, kí a tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde gan-an ni a ó dé Òsósà. Ìlú kékeré ni. Ibẹ̀ ni a bí Hubert Adédèjì Ògúndé sí ní ọdún 1916. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n babaláwo ni baba tí ó bí ìyá rẹ̀. Nítorí náà, bí ó ti ń gbọ́ dùùrù ní ilé ìsìn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbọ́ ìlù àwọn baba ńlá rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń bá àwọn eégún alárìnjó rìn. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti kọ́ bí a ti ń jó, bí a ti ń kọrin, àti bí a ti ń fi ẹ̀rín sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúwo.

Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó di olùkọ́ ní ọdún 1933. Ní 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà wọ́n sì gbé e wá sí Èkó. Ní Èkó ni Ìjọ Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Aládùúrà, ti ń wá owó tí wọn yóò fi kọ́ ilé ìsìn wọn. Ògúndé bá wọn ṣe eré olórin kan lórí ìtàn Ọgbà Édẹ́nì. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 1944, ni wọ́n ṣe é ní Gbọ̀ngàn Glover, ó sì dùn mọ́ àwọn ènìyàn púpọ̀. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá. Ìgboyà ńlá ni èyí jẹ́. Iṣẹ́ ọba ní owó oṣù, ó sì ní iyì, ṣùgbọ́n alágbe ni àwọn ènìyàn máa ń pe ẹni tí ó bá ń fi orin wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ní ayé ìgbà náà. Àwọn obìnrin pẹ̀lú kì í fẹ́ bọ́ sórí ìtàgé. Nígbà tí ó yá, Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ níyàwó, àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì di òpó tí ó gbé ẹgbẹ́ náà ró.

Kí a lè mọ ohun tí Ògúndé ń kọrin lé lórí, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ayé ti rí nígbà náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe àkóso Nàìjíríà. Àwọn òyìnbó ní àdúgbò tiwọn ní Ìkòyí, wọ́n ní ilé ìwòsàn tiwọn, wọ́n sì ní ilé ìgbafẹ́ tiwọn tí aláwọ̀ dúdú kì í wọ̀ àfi bí ó bá wá ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1947, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ivor Cummings ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Sàró ni baba rẹ̀. Nígbà tí ó dé Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol, wọ́n kọ̀ láti fún un ní yàrá nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ariwo ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan, títí ìjọba fi pàṣẹ pé kí a dẹ́kun irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú irú ayé yìí ni Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ sí kọrin.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n lọ́jà, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kò sì tó jẹun mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní oṣù kan. Michael Imoudu ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù láàrin àwọn aṣáájú wọn. Ní ọdún náà gan-an ni Ògúndé gbé eré kan jáde tí ó pè ní Strike and Hunger, èyí ni Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti Ebi. Ní 1946 ó tún gbé òmíràn jáde tí ó pè ní Tiger's Empire, èyí ni Ìjọba Ẹkùn. Kò sì sí ọmọdé tí kò mọ ẹni tí ẹkùn náà jẹ́. Àwọn aláṣẹ pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbé Strike and Hunger dé ìlú Jọ́ọ̀sì ní 1946, àwọn ọlọ́pàá dá eré dúró, wọ́n mú Ògúndé, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ẹni tí ó ti wọ aṣọ ọlọ́pàá rí ni ọlọ́pàá wá ń fà lọ nítorí orin.

Ṣùgbọ́n ìkórìíra kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní ọdún 1948, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní Èkó láàrin àwọn Yorùbá àti àwọn Ìgbò nítorí ọ̀ràn òṣèlú. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi lọ ń ra àdá lọ́jà. Ọdún kan péré lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn tí ń wa èédú ní Àfonífojì Iva ní Énúgù. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń béèrè. Mọ́kànlélógún ni ó kú nínú wọn. Ìgbò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, Ìjẹ̀bú sì ni Ògúndé. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, ì bá ti wí pé ọ̀ràn náà kò kan òun. Òun kò wí bẹ́ẹ̀. Ní 1950 ó gbé eré Bread and Bullet jáde, èyí ni Búrẹ́dì àti Ọta Ìbọn, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé oúnjẹ ni àwọn ènìyàn náà béèrè, ọta ni a fi dá wọn lóhùn. Nígbà tí ó gbé e dé Kánò, àwọn aláṣẹ kò gbà kí ó ṣe é níbẹ̀. Wọ́n tún gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ wo ọmọ Yorùbá tí ó jìyà ní ilẹ̀ Haúsá nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn Ìgbò! Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìyẹn ju ti orin náà lọ.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ní kí Ògúndé ṣe eré fún ayẹyẹ náà, ó sì ṣe Song of Unity, èyí ni Orin Ìṣọ̀kan. Ó dà bí ẹni pé ìgbà ìyà ti kọjá fún olórin. Àṣé ìyà tí ó dùn ún jù ṣì ń bẹ níwájú.

Ní ọdún 1962, ìjà bẹ́ láàrin àwọn olórí Ẹgbẹ́ Action Group ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní apá kan, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá tí ó jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wà ní apá kejì. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn aṣòfin ń fi àga lu ara wọn nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ní 1963, wọ́n sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ilé ya sí méjì. Ọmọ ìyá kò bá ọmọ ìyá jẹun mọ́. Orin pàápàá di ohun ìjà, nítorí orin èébú ni ẹgbẹ́ kan fi ń bú ẹgbẹ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni orin rí: ó lè jẹ́ oògùn, ó sì lè jẹ́ májèlé, ẹnu ẹni tí ń kọ ọ́ ni ó wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, ẹgbẹ́ tuntun kan tí ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí Akíntọ́lá ń tì lẹ́yìn, pe Ògúndé kí ó wá ṣe eré fún wọn ní Ìbàdàn. Eré tí ó ṣe ni Yorùbá Ronú. Ìtàn ọba kan ni, tí igbá-kejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tí ó sọ ọ́ sínú ẹ̀wọ̀n, tí ó sì gba ìjọba, títí ìlú fi dìde sí ọ̀dàlẹ̀ náà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde, wọ́n sì jáde kí eré tó parí. Láìpẹ́, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé. Wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà.

Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ilẹ̀ Yorùbá ni ọjà Ògúndé. Láti Ìjẹ̀bú dé Èkìtì, láti Òṣogbo dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni owó tí ó fi ń bọ́ ìdílé ńlá rẹ̀ àti àwọn òṣèré rẹ̀ ti ń wá. Òyìnbó lé e ní òde, ṣùgbọ́n ní báyìí àwọn ará ilé ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Èkó kò sí lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, nítorí náà ó lè ṣeré níbẹ̀. Kò tọrọ gáfárà, bẹ́ẹ̀ ni kò yí orin padà. Ní ọdún náà kan náà ó tún gbé eré mìíràn jáde, ó sì pè é ní Òtítọ́ Korò. Orin Yorùbá Ronú sì ti wà nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Òfin lè lé òṣèré kúrò nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n kò lè lé orin kúrò ní ẹnu àwọn ènìyàn.

Àwọn tí a ní kí wọ́n ronú kò ronú. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965, wọ́n ń da epo sí ara ènìyàn àti ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń dáná sun wọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá. Ní oṣù kejì, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, tí ó di gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, mú òfin náà kúrò lórí ẹgbẹ́ Ògúndé. Ìdájọ́ náà fi hàn pé olórin kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jí àwọn tí ó ti kú dìde.

Ògúndé tún ṣiṣẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí. Ní 1967 ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré ní Kánádà níbi ìpàtẹ àgbáyé. Nígbà tí sinimá dé, kò bá a jà; ó ṣe Ayé ní 1979, ó sì ṣe Jáíyésimi ní 1980. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, ọdún 1990, ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wá sin sí Òsósà, ìlú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó rọrùn láti bá àjèjì wí, nítorí àwọn ará ilé yóò pàtẹ́wọ́ fún ni. Láti bá ará ilé ẹni wí ni ó ṣòro. Ògúndé ṣe méjèèjì. Nígbà tí òyìnbó ń fi àwọ̀ ara ya ènìyàn sọ́tọ̀, ó kọrin. Nígbà tí Yorùbá ń kórìíra Yorùbá, ó kọrin. Nígbà tí ó rí òkú àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ó sunkún wọn nínú orin.

Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù ṣì wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń jáde ní Odógúnyàn ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ẹ̀yà kan ń fi èjìká gbún ọmọ ẹ̀yà kejì nínú ọkọ̀ kan náà, orin sì ń dún. Bí ẹ bá gbọ́ orin tí ń kọ́ni láti kórìíra ẹnikejì nítorí èdè tàbí àwọ̀ rẹ̀, bí ó ti wù kí ìlù rẹ̀ dùn tó, ẹ má ṣe gbè é. Bí ẹ sì gbọ́ èyí tí ó korò létí ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ òtítọ́, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ọ parí, kí ẹ má ṣe dà bí àwọn tí ó dìde kí eré tó parí.