Awólọ́wọ̀ àti ẹ̀kọ́ tí póòsì gbé wá

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń ná Post Office ní Máídúgùrì, ẹ jẹ́ ká rántí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1909. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó ń ṣiṣẹ́ kó tó rí owó ilé ìwé san. Ó wọ Wesley College, Ìbàdàn, ní 1927. Nígbà tó yá, òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, ó jẹ gbèsè, àmọ́ kò pa ìwé tì. Póòsì ló ń gbé ẹ̀kọ́ wá bá a nílé, títí ó fi gboyè B.Com. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Lọ́dún náà ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin lọ́hùn-ún. Ó di lọ́yà ní 1946. Ẹ̀yin òbí, bí owó bá tán, kí ìwé má tán o.