Ẹ gbọ́ ìtàn Rudolf Diesel kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan brain box ọkọ̀ yín

Ní Sátidé kan, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa gbé lápútọ́ọ̀pù àti wáyà kan wá sílé mi. Ọmọ náà mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fágbà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fún òun ní wákàtí kan péré, òun á wọ inú brain box píkọ́ọ̀pù dísẹ̀lì mi, òun á tún ìlànà tó ń lò kọ. Ó ní agbára ọkọ̀ á gòkè, epo tó ń jẹ á sì dín kù. Ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta lítà dísẹ̀lì kan báyìí. Kí n má parọ́, ọkàn mi fà sí i.

Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù yẹn kì í ṣe ọkọ̀ fàájì. Òun ni ìyàwó mi fi ń kó ẹja inú yìnyín lọ sọ́jà láàárọ̀ kùtù. Bó bá dákú lójú ọ̀nà, ẹja á jẹrà, owó iléèwé àwọn ọmọ á sì bá a lọ. Mo wá bi ọmọ náà pé mítà tó fi ń wo agbára bátìrì ńkọ́? Kò mú un wá. Mo bi í pé ibo ló máa tọ́jú ìlànà àtilẹ̀wá ọkọ̀ náà sí kó tó kọ tuntun lé e? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó ná, kó mu omi tútù, kí n sọ ìtàn ọkùnrin tó ni orúkọ tí a fi ń pe epo yẹn fún un. Ẹ̀yin náà, ẹ fa àga yín súnmọ́ bí.

Ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni Diesel. Ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1858 ni wọ́n bí Rudolf Diesel nílùú Paris. Ọmọ Jámánì làwọn òbí rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ awọ àti ìwé dídì, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Lọ́dún 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Prussia, ọmọ Jámánì ò sì rí ibi dúró sí mọ́ ní Paris. Ìdílé náà di ẹrù, wọ́n forí lé London. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rán Rudolf, ọmọ ọdún 12, lọ sí Augsburg ní Jámánì, lọ́dọ̀ ẹbí wọn kan tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ẹni tó bá ti gbé lọ́dọ̀ ẹbí rí láti kékeré á mọ bó ṣe máa ń rí. Ìwé ló sábà máa ń di ilé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà kàwé lóòótọ́. Ó rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Munich, níbi tí Carl von Linde, ògbóǹtarìgì nínú ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, ti ń kọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ Linde ló ti gbọ́ pé ẹ̀rọ onísíìmù ayé ìgbà náà ń fi èédú ṣòfò gan-an. Nínú 100 ìwọ̀n ooru tí èédú bá mú jáde, bóyá ni 10 máa ń di iṣẹ́. Ìyókù á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọmọ náà lára, kò sì jáde mọ́.

Lọ́dún 1879 tó yẹ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá, táífọ́ọ̀dù dá a gúnlẹ̀. Ọdún 1880 ló tó ṣe é, èsì rẹ̀ sì ga gan-an. Linde gbà á síṣẹ́, ó sì lọ sí Paris lọ bójú tó ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín. Ẹ ò rí nǹkan bí? Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì tí ìyàwó mi fi ń kó ẹja inú yìnyín, iṣẹ́ yìnyín ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1883 ó fẹ́ Martha Flasche, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta.

Èrò tó ń gbé kiri lọ́kàn ò le láti ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti fi pọ́ńbù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí á mọ̀ pé ẹnu pọ́ńbù máa ń gbóná, torí pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Diesel ní bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gidigidi nínú sìlíńdà, ooru rẹ̀ á tó láti mú epo gbiná fúnra rẹ̀, láìsí púlọ́ọ̀gì kankan tó ń ta iná. Lọ́dún 1892 ó béèrè ìwé àṣẹ pé òun ló ni èrò náà, wọ́n sì fún un lọ́dún 1893.

Lórí bébà, ẹ́ńjìnnì náà dára ju gbogbo ẹ́ńjìnnì ayé lọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìfúnpọ̀ tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ju ohun tí irin ìgbà náà lè gbà lọ. Ó ní láti dín in kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí a ó padà síbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Augsburg gbà kó wá dán an wò lọ́dọ̀ àwọn, Krupp náà sì dá sí i. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1893, epo gbiná nínú ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, agbára rẹ̀ sì fọ́ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpọ̀ yángá. Ọlọ́run ló yọ àwọn tó dúró tì í. Lọ́jọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1894, ẹ́ńjìnnì náà fi agbára ara rẹ̀ yí fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan péré o! Ká ní ayé ìsinsìnyí ni, ẹlòmíì ì bá ti gbé e sórí Instagram, kó sì máa gba owó àsansílẹ̀. Diesel padà sídìí iṣẹ́. Ó ń wọ̀n, ó ń tú, ó ń tò, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter wá yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò nínú oṣù kejì ọdún 1897, ó rí i pé ìdá 26.2 nínú 100 ooru inú epo ló ń di iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ onísíìmù tó súnmọ́ ọn.

Ibí ni ìtàn ti yí. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá Diesel kiri. Adolphus Busch, gbajúmọ̀ ọlọ́tí ní Amẹ́ríkà, san mílíọ̀nù kan máàkì láti ní ẹ̀tọ́ sí ẹ́ńjìnnì náà níbẹ̀. Ọmọ oníwèé dídì di olówó lọ́sàn-án kan òru kan. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣe dáadáa láàárín àwọn ògbógi ò tíì ṣe tán láti wà lọ́wọ́ oníbàárà. Èyí tí wọ́n gbé lọ sí ilé iṣẹ́ ìṣáná ní Kempten lọ́dún 1898 fojú wọn rí màbo. Àwọn míì tó ra tiwọn ń dá a padà. Ilé iṣẹ́ tí Diesel fi orúkọ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Augsburg ò rọ́wọ́ mú. Àárẹ̀ ọkàn àti ti ara dá a dùbúlẹ̀, ó di ẹni tó ń gba ìtọ́jú. Àwọn ẹnjiníà tó ń fi sùúrù tún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ṣe ló padà gba orúkọ ẹ́ńjìnnì náà là.

Mi ò sọ pé Diesel ya òmùgọ̀ o. Ẹnì kan náà tó fi ọdún mẹ́ta wọn nǹkan nílé ìdánwò ló jẹ́ kí ariwo ọjà ti òun síwájú nígbà tí owó dé. Ta ni irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí?

Nǹkan kan wà tó kan Áfíríkà nínú ìtàn yìí. Níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris lọ́dún 1900, òróró ẹ̀pà ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì Diesel tó wà níbẹ̀ ń jẹ. Ìjọba Faransé ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀pà pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà níkàáwọ́ wọn. Ẹ́ńjìnnì náà jẹ òróró yẹn láìsí àyípadà kankan lára rẹ̀, débi pé ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀. Diesel fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì òun ran oníṣẹ́ ọwọ́ kékeré lọ́wọ́. Lọ́dún 1903 ó kọ ìwé kan nípa bí òṣìṣẹ́ ṣe lè pawọ́ pọ̀ ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Ìwé náà ò tà.

Owó náà ò sì dúró. Ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ ẹ́ńjìnnì jẹ nínú rẹ̀, òwò ilé àti ilẹ̀ tí kò yọrí sí rere jẹ nínú rẹ̀, ilé ńlá tó kọ́ sí Munich náà jẹ tiẹ̀. Lọ́dún 1912, nígbà tí ọkọ̀ òkun Selandia ti Denmark ń fi ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì la òkun kọjá, tí ayé ń yìn ín, gbèsè ń yọ́ wọ inú ilé rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden ní Antwerp, ó ń lọ fún ìpàdé ní London. Ó jẹun alẹ́, ó ní kí wọ́n jí òun láàárọ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibùsùn wà bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ, Diesel ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Netherlands kan rí òkú lójú òkun. Nǹkan inú àpò aṣọ rẹ̀ ni Eugen ọmọ rẹ̀ fi dá a mọ̀. Àwọn kan ní ṣe ni wọ́n pa á. Àwọn tó pọ̀ jù ní òun ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀, torí báàgì tó fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ní owó nínú àti ìwé tó fi hàn pé àkáǹtì wọn ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó lè búra. Èyí tó dùn mí ni pé ọkùnrin tó mọ ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà wọ̀n ju ẹnikẹ́ni lọ, kò jẹ́ kí aya rẹ̀ mọ ìfúnpọ̀ tó wà lára òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí gbèsè ń lé kiri, ẹ má dá a gbé. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín.

Ọdún 23 lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́dún 1936, ni Mercedes-Benz gbé 260 D jáde, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó ń lo dísẹ̀lì. Lónìí, kọ̀ǹpútà kékeré ló ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì: iye epo tí nọ́súlù máa tú, ìgbà tó máa tú u, àti iye afẹ́fẹ́ tí turbo máa tì wọlé. Ìyẹn ni brain box. Ẹni tó bá tún ìlànà inú rẹ̀ kọ ń pàṣẹ fún irin pé kó gba ìfúnpọ̀ àti ooru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rántí ibi tí mo ní a ó padà sí? Bébà lè gba ohunkóhun. Irin kì í gbà gbogbo ẹ̀.

Mo wá sọ fún ọmọ náà pé bó bá jẹ́ dandan ká ṣe é nílé, báyìí la ó ṣe é. A ó kọ́kọ́ yẹ ara ọkọ̀ wò: nọ́súlù, turbo, kíláàṣì, fíltà afẹ́fẹ́, omi àti ọ́ìlì. A ó ka àṣìṣe tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń tún ìlànà rẹ̀ kọ. A ó ka ìlànà àtilẹ̀wá jáde, a ó sì tọ́jú rẹ̀ síbi méjì. Ìlànà tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún nọ́ńbà brain box tèmi gan-an. A ò ní gba ti ọkọ̀ ẹlòmíì tó jọ ọ́.

Tó bá kan kíkọ ọ́, bátìrì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ le, kí ṣájà tó dáa sì wà lórí rẹ̀ tó ń gbé e dúró ní nǹkan bíi fóòtì 13 sí 14. Iná ọkọ̀, rédíò àti A.C. á wà ní pípa. Lápútọ́ọ̀pù á kún fún iná, a ò ní jẹ́ kó sùn, a ò sì ní jẹ́ kó máa ṣe update. Bí iná bá já láàárín ìkọ̀wé, brain box lè kú pátápátá, ẹ sì mọ ìwà àwọn oníná wa. Àlékún agbára á kéré. Bí èéfín dúdú bá ń tú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ooru á sì jẹ turbo àti písítìnnì. A ò ní yọ fíltà tó ń mú èéfín mọ́lẹ̀, torí àwọn ọmọ wa ló ń mí i. A ò sì ní tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

Ọmọ náà dákẹ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú mítà wá, òun àti mẹkáníìkì mi sì yẹ ọkọ̀ wò látòkè délẹ̀. Bátìrì ti rẹ̀. Nọ́súlù kan ń jò. Fíltà afẹ́fẹ́ ti di bí erùpẹ̀. Ká ní a ti tún brain box kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí àìsàn yẹn la ò bá ti di ẹrù lé. A tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Èéfín dúdú dín kù, epo tí ọkọ̀ ń jẹ náà dín kù, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fọwọ́ kan ìlànà kankan.

Ọmọ náà ti ka ìlànà àtilẹ̀wá ọkọ̀ mi jáde báyìí. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi. Bóyá a ó tún un kọ lọ́jọ́ kan, bí kíláàṣì tuntun bá dé. Títí dìgbà yẹn, ẹja ń dé ọjà lásìkò.