Florence Nightingale: Kì í Ṣe Fìtílà Nìkan

Bí a bá dárúkọ Florence Nightingale, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni obìnrin kan tí ó gbé fìtílà lọ́wọ́, tí ó ń bẹ àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ wò ní òru. Irọ́ kọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n kò tó. Ìwé àti ìṣirò ni obìnrin yìí fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi yé ayé pé bí a kò bá ka iye àwọn tí ó kú ní ilé ìwòsàn, kí á sì wádìí ohun tí ó pa wọ́n, a kò lè mọ̀ bóyá ìwòsàn ni ilé náà ń ṣe tàbí ìpalára.

Ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, ọdún 1820 ni a bí i ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ìlú ni àwọn òbí tirẹ̀ wò. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, olówó sì ni wọ́n pẹ̀lú. Baba rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní èdè Látìnì, èdè Gíríìkì àti ìtàn. Láti kékeré ni ìṣirò ti wù ú. Nígbà tí ó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun yóò ṣe, inú àwọn ẹbí rẹ̀ kò dùn rárá, nítorí iṣẹ́ àwọn tálákà tí kò níyì ni wọ́n ka iṣẹ́ náà sí láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà. Ní ọdún 1851, ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì láti kọ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ní ọdún 1853, ó di alábòójútó ilé ìtọ́jú kan fún àwọn obìnrin ní London.

Ní ọdún 1854, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Tọ́kì ń bá Rọ́ṣíà jagun ní Kìrìmíà. Ìròyìn dé London pé àwọn ọmọ ogun ń jìyà, wọ́n sì ń kú ní ilé ìwòsàn Scutari, tí kò jìnnà sí Ìstáńbùl. Sidney Herbert, mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà kàn, tí ó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ Nightingale, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Obìnrin 38 ni ó bá a lọ. Àwọn dókítà ológun kò fẹ́ rí wọn. Ìgbà tí àwọn tí ó gbọgbẹ́ ní Inkerman ya dé bí omi ni wọ́n tó fún wọn láyè.

Nightingale ṣètò ibi ìfọṣọ àti ilé ìdáná, ó wá aṣọ àti oúnjẹ, ó ń yí wọ́ọ̀dù ká ní òru. Síbẹ̀ ikú kò dẹwọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1855, bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tí a gbà sí ibẹ̀ ni ó ń kú. Ìgbẹ́ ọ̀rìn, kọ́lẹ́rà àti ibà ń pa wọ́n ju ọgbẹ́ ogun lọ. Orí kòtò ẹ̀gbin ni ilé náà wà, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, omi tí wọ́n ń mu kò sì mọ́. Ní oṣù kẹta, ìjọba rán ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó kan wá. Wọ́n kó ẹ̀gbin kúrò nínú kòtò, wọ́n tún ojú omi ṣe, wọ́n sì ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́. Kí ó tó di oṣù kẹfà, iye tí ó ń kú ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 2 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí Nightingale padà sílé ní ọdún 1856, orúkọ rẹ̀ ti kàn káàkiri. Ó lè jókòó kí ó máa jẹ oyin orúkọ náà. Dípò bẹ́ẹ̀, òun àti William Farr, ọ̀mọ̀ràn nínú ìṣirò iye òkú, jọ tú ìwé àkọsílẹ̀ ogun náà. Ohun tí wọ́n rí korò: àìsàn tí a lè dènà ni ó pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó kú, Scutari tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ sì wà lára ibi tí ó burú jù. Kò fi pamọ́. Ní ọdún 1858, ó ya àwòrán róbótó aláwọ̀ mẹ́ta tí ó fi iye òkú oṣù kọ̀ọ̀kan hàn, kí ẹni tí kò ráyè ka ìṣirò lè fojú rí i. Ọdún yìí kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò ti London gbà á wọlé. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ ẹgbẹ́ náà.

Ní ọdún 1860, a ṣí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ó dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas ní London. Lẹ́yìn èyí, owó tí a kó jọ ní orúkọ rẹ̀ ni a fi ṣètò wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn King's College. Nígbà tí ibà ìbímọ ń pa àwọn abiyamọ níbẹ̀, a ti wọ́ọ̀dù náà ní ọdún 1867. Nightingale kò dákẹ́. Ó kó iye ikú abiyamọ láti ibi púpọ̀ jọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1871: ewu tí ó wà nínú bíbímọ sí ilé ìwòsàn ìgbà náà ju ti bíbímọ sílé lọ. Ẹni tí ó lè fi ìṣirò bá ohun tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ wí, òótọ́ ni ó ń wá.

Ọ̀rọ̀ iye nọ́ọ̀sì pẹ̀lú jẹ ẹ́ lógún. Ní ilé ìwòsàn àwọn òtòṣì ní Liverpool, àwọn òtòṣì tí kò kọ́ṣẹ́ ni ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ní ọdún 1865, Agnes Jones, tí ó kọ́ṣẹ́ ní St Thomas, kó nọ́ọ̀sì 12 lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ náà yọrí, ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo. Ní ọdún 1868, ibà tí ó ń jà ní wọ́ọ̀dù pa Agnes, ọmọ ọdún 35.

Ìwádìí òde òní ti gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2002, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn iṣẹ́ abẹ tí ó lé ní 232,000 wò ní ilé ìwòsàn 168. Wọ́n rí i pé níbi tí aláìsàn ọwọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá fi ẹyọ kan pọ̀ sí i, ewu ikú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ fi nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ìwádìí ọdún 2014 ní ilẹ̀ mẹ́sàn-án ní Yúróòpù bá irú iye kan náà pàdé.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas ni Olóyè Kọ́fowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ti kọ́ṣẹ́, kí ó tó padà wálé di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Mátírọ́ọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn. Lónìí, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ń kọjá sí òkè òkun, ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sì ń bọ́ sórí àwọn tí ó kù. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Àánú pọ̀ lọ́kàn nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àánú kò lè sọ ẹnì kan di mẹ́ta.

Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹjọ, ọdún 1910 ni Nightingale kú, ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fẹ́ sin ín sí Westminster Abbey láàárín àwọn ẹni ńlá, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀. Abúlé East Wellow ni wọ́n sin ín sí, lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ sí ojú oórì láti fi dá a mọ̀. Bí a bá fẹ́ bu ọlá fún un, kí á má fi mọ sórí ìyìn fìtílà. Kí á máa béèrè ní ilé ìwòsàn wa gbogbo pé: aláìsàn mélòó ni ó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan lálẹ́ òní, mélòó nínú wọn ni ó sì padà sílé láàyè?