Cyrano de Bergerac: ẹni tí ó fi ẹ̀rín gbé òtítọ́ dé òṣùpá

Ní àwọn ilẹ̀ tí a ti ń sọ èdè Faransé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ orúkọ Cyrano de Bergerac. Imú rẹ̀ tí ó tóbi ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Eré orí ìtàgé kan tí Edmond Rostand kọ ní ọdún 1897 ni ó sọ imú náà di olókìkí. Ṣùgbọ́n Cyrano kì í ṣe ẹ̀dá inú eré lásán. Ó gbé ayé rí, ó jagun, ó sì kọ ìwé. Ìwé rẹ̀ nípa ìrìn-àjò sí òṣùpá wà lára àwọn ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí ó kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Àwàdà ni ó fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Láti ojú ogun sí ìdí ìwé

Ìlú Paris ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1619. Savinien ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Bergerac tí ó fi kún un kì í ṣe ìlú Bergerac tí ó wà ní gúúsù Faransé. Orúkọ ilẹ̀ kan tí ẹbí rẹ̀ ní nítòsí Paris ni.

Nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Henri Le Bret wọ iṣẹ́ ológun. Ní ọdún 1639, ọta ìbọn bà á ní Mouzon. Ní ọdún 1640, nígbà tí ogun Faransé sàga ti ìlú Arras, wọ́n fi idà gún un lọ́fun. Ó yè é, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gba ogun mọ́. Ó fi idà sílẹ̀, ó gbá ìwé mú.

Ìbéèrè tí ó léwu

Ní àkókò náà, àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣé oòrùn ni ó ń yí ayé po ni, àbí ayé ni ó ń yí oòrùn po? Ẹni tí ó bá dáhùn ní gbangba lè rí ìjà ìjọ àti ti ìjọba. Ní ọdún 1619 tí wọ́n bí Cyrano gan-an, wọ́n pa ọ̀mọ̀ràn kan tí ń jẹ́ Vanini ní ìlú Toulouse, wọ́n sì sun òkú rẹ̀, nítorí wọ́n ní ó tako Ọlọ́run. Ní ọdún 1633, ilé-ẹjọ́ ìjọ ní Róòmù mú kí Galileo kúnlẹ̀, kí ó sì sẹ́ ohun tí ó ti kọ pé ayé ń yí.

Cyrano gbà pé òtítọ́ ni Galileo sọ. Ẹ̀fẹ̀ ni ó wá fi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ orin Ẹ̀fẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ irú ọgbọ́n yìí. Ohun tí ẹnu kò lè sọ fún alágbára ní ọ̀sán, orin ẹ̀fẹ̀ á sọ ọ́ lóru, gbogbo ìlú á sì rẹ́rìn-ín.

Ìrìn-àjò sí òṣùpá

Ní nǹkan bí ọdún 1650 ni ó kọ ìwé náà. Akọni ìtàn yìí so ìgò púpọ̀ mọ́ ara. Ìrì òwúrọ̀ ni ó kún inú wọn. Bí oòrùn ti ń fa ìrì sókè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa òun náà lọ. Nígbà tí ó fọ́ díẹ̀ nínú ìgò náà láti sọ̀ kalẹ̀, Kánádà ni ó bá ara rẹ̀. Kí ni ó fà á? Nígbà tí ó wà lókè, ayé ti yí lábẹ́ rẹ̀. Òǹkàwé á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rín náà tó tán, èrò pé ayé ń yí á ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Lẹ́yìn èyí, ó kan ẹ̀rọ kan. Àwọn ọmọ ogun so ohun oníẹ̀tù tí a ń yìn sójú ọ̀run lọ́jọ́ àjọ̀dún mọ́ ọn, ní ìpele ìpele. Bí ìpele kan bá jó tán, òmíràn á gbaná. Ó lé ní 300 ọdún lẹ́yìn náà, ní ọdún 1969, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé ènìyàn dé òṣùpá ní tòótọ́.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni àwọn ará òṣùpá inú ìtàn náà fi ń rìn. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, wọ́n ní kì í ṣe ènìyàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọn rò ó títí, wọ́n sì pinnu pé odídẹrẹ́ tí a fa ìyẹ́ rẹ̀ tu ni. Wọ́n tì í mọ́ inú àgò. Òun sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ayé ni ibi tí òun ti wá, àti pé òṣùpá ni tiwọn. Inú bí àwọn àlùfáà ibẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ olówó iyebíye fún un, wọ́n gbé e yí ìlú ká, wọ́n sì fi ipá mú un kí ó máa kéde ní oríta gbogbo pé ayé ni tiwọn, òṣùpá ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Galileo mọ ẹni tí Cyrano ń bá wí.

Ewì ni owó ní òṣùpá yìí. Ẹni tí ó bá jẹun tán, ewì ni yóò fi san owó oúnjẹ. Ìwé wọn kò ní lẹ́tà. Àpótí kékeré ni, tí ẹ̀rọ bíi ti aago wà nínú rẹ̀. A ó yí abẹ́rẹ́ kan sí ibi tí a fẹ́ gbọ́, ohùn á sì máa jáde. Wọ́n ń gbé e rìn, wọ́n ń fi etí kàwé lójú ọ̀nà, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ wọn gbọ́n ju àgbà ilẹ̀ wa lọ. Ọdún 1877 ni Edison ṣe ẹ̀rọ tí ó gba ohùn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ.

Ìwé kejì, tí ó dá lórí oòrùn, kò parí. Nínú rẹ̀, àwọn ẹyẹ gbé akọni náà lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn. Odídẹrẹ́ kan tí ó ti tú sílẹ̀ nínú àgò rí ni ó jẹ́rìí gbè é.

Ikú rẹ̀ àti ìwé tí wọ́n gé

Cyrano kú ní Sannois, nítòsí Paris, ní oṣù keje ọdún 1655. Ọmọ 36 ọdún ni. Wọn kò tíì tẹ ìwé òṣùpá náà jáde. Àdàkọ ọwọ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn kà. Ní ọdún 1657, Le Bret tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ó gé àwọn ibi tí ó lè bí ìjọ nínú kúrò. Ìwé oòrùn jáde ní ọdún 1662.

Àwọn àdàkọ ọwọ́ náà kò ṣègbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n gé jáde, gbogbo ayé sì rí i kà. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó tún ń jiyàn bóyá ayé ń yí. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń ka Cyrano. Ẹni tí ó bá kà á yóò kọ́kọ́ fi àwọn ará òṣùpá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, yóò wo àdúgbò ara rẹ̀, yóò sì wá ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú àgò nítorí pé ìrìn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.