Lindley Murray: Ẹni Tí Ó Fi Àṣìṣe Kọ́ni Ní Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ òfin gírámà Gẹ̀ẹ́sì sórí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí a kọ ojú ewé kan péré, àṣìṣe á kún inú rẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó ti wá nǹkan ṣe sí irú ìṣòro yìí láti ohun tí ó lé ní igba ọdún sẹ́yìn. Lindley Murray ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1745 ni a bí i ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìjọ Quaker ni àwọn òbí rẹ̀. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, New York ni wọ́n sì kó lọ nígbà tí ó yá. Bàbá náà le púpọ̀. Ní ọjọ́ kan tí ó jẹ ọmọ náà níyà, inú bí i, ó sá kúrò nílé lọ sí Burlington, ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ wọ ilé ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Faransé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá a rí, tí ó sì padà sílé. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí ó wá di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ayé, Faransé ni ó sá lọ kọ́.

Murray kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ní 1767 ó gbé Hannah Dobson níyàwó. Nígbà tí ó yá ó ṣòwò, ó sì rówó. Ṣùgbọ́n àìsàn kan dé tí ó sọ iṣan ara rẹ̀ di aláìlágbára. Ní 1784 òun àti ìyàwó rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ojú ọjọ́ ibẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ mu. Holgate, lẹ́bàá ìlú York, ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Ara náà kò yá. Nígbẹ̀yìn kò lè rìn mọ́, orí àga ni ó ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin Quaker kan wà ní York. Àwọn ọ̀dọ́ obìnrin tí ń kọ́ni níbẹ̀ bẹ Murray pé kí ó bá àwọn kọ ìwé gírámà tí ó rọrùn. Kò fẹ́ gbà lákọ̀ọ́kọ́, nítorí kì í ṣe olùkọ́. Àmọ́ ó gbà, ìwé náà sì jáde ní 1795. Òfin inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Inú ìwé àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ti ṣà wọ́n jọ, pàápàá ìwé Robert Lowth ti 1762. Àwọn ènìyàn bá a wí lórí èyí, ó sì fi orúkọ wọn sí àwọn ìtẹ̀jáde tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun tí a fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí tí ó ṣe ní 1797. Ó rí i pé òfin nìkan kò tó. Ó kọ ìwé ìdánrawò tí ó kún fún gbólóhùn tí kò tọ́: sípẹ́lì tí kò péye, àmì ìdánudúró tí kò bójú mu, ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò bá olùwà rẹ̀ mu. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò tún wọn ṣe. Ó tún kọ ìwé ìdáhùn lọ́tọ̀, kí ẹni tí kò ní olùkọ́ lè yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi tiwa dán an wò. She go to market every day. Níbo ni àṣìṣe wà? Yorùbá ni ó tàn wá: mo lọ, o lọ, ó lọ, ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà. Goes ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́. Òmíràn: I have 20 years. Faransé ni ó tàn wá níbí. Bí a bá rántí pé ọmọ ogún ọdún ni mí ni à ń wí nílé, a ó rí i pé Yorùbá ìbá ti gbà wá sílẹ̀: I am 20 years old.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè òde òní kò gba gbogbo òfin Murray. Wọ́n ní ó ń pàṣẹ bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ dípò kí ó ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdánrawò rẹ̀ kò tíì gbó.

Murray kú ní February 1826, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn ìwé ilé ìwé rẹ̀ ti tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa ní ìwé kékeré kan. Kí a kọ àṣìṣe tí olùkọ́ bá fà láìnì sí sínú rẹ̀, kí a pa ìdáhùn mọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, kí a padà tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí a sì ka èyí tí ó tọ́ sókè. Àṣìṣe tí a bá fi ọwọ́ ara wa tún ṣe kì í tètè padà wá.