BÀBÁ TÍ Ó FI ORIN ṢE OGÚN FÚN ỌMỌ

Ìwé Mímọ́ fún kíkà: 1 Samuẹli 3, 1 Kọ́ríńtì 14:6-19

Ẹni tó bá rìn gba àdúgbò Ṣómólú kọjá yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́tùn-ún lósì. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó ti ń tẹ ìwé ètò ìsìn, ìbáà ṣe ti ìgbéyàwó, ìbáà ṣe ti ìsìnkú. A máa ń ṣe làálàá kí àwòrán lè hàn dáadáa, kí orúkọ ẹnikẹ́ni má sì ṣe ṣìnà. Ṣùgbọ́n àwọn orin inú rẹ̀ ńkọ́? Ǹjẹ́ a máa ń ro ohun tí a ń fi ẹnu wa kọ? Ẹnì kan wà tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ro ó. Thomas King Ekúndayọ̀ Phillips ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1884 ni a bí i. Bàbá rẹ̀, Charles Phillips, ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní Oǹdó, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ekúndayọ̀ kàwé ní C.M.S. Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ní 1859, tí ó kó lọ sí Bàrígà ní 1959. Ìbátan rẹ̀ kan, Àlùfáà Johnson, ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùùrù. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, ó di atẹdùùrù ní St. Paul's, Breadfruit, ó sì lo ọdún 9 níbẹ̀. Ní 1911 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music. Ó padà dé ní 1914, ó sì di atẹdùùrù àti olórí ètò orin ní Ṣọ́ọ̀ṣì Kírísítì, Marina, tí gbogbo wa mọ̀ sí Kàtídírà. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí di 1962. Ọdún 48 gbáko!

Kí ni ó wà lọ́kàn ọkùnrin yìí? Ẹ jẹ́ kí á wò ó báyìí. Èdè wa, èdè olóhùn ni. Bí ohùn bá yí, ọ̀rọ̀ yí. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Àwọn bàbá wa túmọ̀ orin àwọn òyìnbó sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin náà kò yí padà. Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń lọ sílẹ̀, ohùn orin ń gòkè. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ yin Ọlọ́run lè máa pe ohun mìíràn láìmọ̀. Phillips kò kórìíra dùùrù, kò sì kọ ẹ̀kọ́ tí ó gbà sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, kí àgbà àti èwe lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ. Ó ṣe orin fún Orin Dáfídì 121. Ó ṣe orin ńlá kan nípa Samuẹli. Ní 1953 a tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde, kí ìmọ̀ náà má ba à bá a wọlé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dúró díẹ̀ lórí Samuẹli yìí. Élì tọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé Olúwa, ọmọ náà sì di wòlíì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tirẹ̀ ṣègbé níwájú rẹ̀. Phillips náà tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun nídìí orin, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ kò gbàgbé ilé. Ní 1962, ọmọ rẹ̀, Charles Ọbáyọ̀mí Phillips, ni ó gba ipò rẹ̀ nídìí dùùrù Kàtídírà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1992. Bàbá lo ọdún 48, ọmọ lo ọdún 30. Nígbà tí Ọlọ́run pe bàbá sílé ní 1969, dùùrù kò dákẹ́.

Ará, ohun tí ọmọ kò bá yé ọmọ kò lè jogún rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ́ wa pé kí á fi ẹ̀mí kọrin, kí á sì fi òye kọ ọ́ pẹ̀lú. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, láti Bàrígà títí dé ẹ̀yìn odi, ọmọ ń bá wa kọrin àdúrà àárọ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. A kì í dúró kí á sọ fún un. Ó ń dàgbà, ó ń fi orin náà sílẹ̀, nígbà mìíràn ó ń fi Olúwa orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹjọ́ ta ni?

Ní àṣálẹ́ òní, ẹ mú orin kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe sáré kọ ọ́. Ẹ kà á, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ọ́ pọ̀.

Àdúrà: Bàbá, má ṣe jẹ́ kí á kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí á sì gbàgbé tiwa. Fi òye sí orin ẹnu wa, kí àwọn ọmọ wa lè máa yìn Ọ́ nígbà tí a kò bá sí mọ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.